Ohun èlò wo ni kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fowó ara rẹ̀ rà, báwo la sì ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì_Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ní ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì 28, tẹmómítà mẹ́kúrì kan, kò sí oximeter (ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀) rárá. Owó tó wà lọ́wọ́ kò pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Èwo ni kí n fi sílẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè yẹ ọjà wò níwájú ẹni tó ń tà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ iléeṣẹ́ fún mi nìkan, ẹ bá mi sọ ìdí rẹ̀.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù

Káàbọ̀, àbúrò. Bí owó bá kéré, bí mo ṣe ń tò ó nìyí: aago àyà (èyí tí a ń kọ́ mọ́ aṣọ níbi àyà) tó ní ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, stethoscope (èyí tí a fi ń gbọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró), ẹ̀rọ ìfúnpá tó ní cuff méjì, ìyẹn aṣọ tí a ń wé mọ́ apá, tẹmómítà oní-bátìrì, tọ́ọ̀ṣì kékeré fún ojú, lẹ́yìn náà oximeter. Glucometer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ló kẹ́yìn, nítorí pé owó rẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ tí o rà á.

Ìdajì owó rẹ, kó lọ sórí ẹ̀rọ ìfúnpá. Ìyókù lè jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀rọ ìfúnpá tó ń parọ́ ni wọ́n máa fi kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru.

Aago àyà ni mo fi ṣíwájú nítorí mímí. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni a fi ń ka mímí, kì í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá 15 ká wá fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, pàápàá fún ọmọdé àti ẹni tí mímí rẹ̀ kò dọ́gba. Má fi fóònù kà á, fóònù tí o fọwọ́ tútù gbá mú lọ́dọ̀ aláìsàn kan ni wàá gbé dé bẹ́ẹ̀dì kejì. Má sì de aago mọ́ ọrùn ọwọ́, omi àti ọṣẹ kò ní dé abẹ́ rẹ̀ nígbà tí o bá ń fọ ọwọ́.

Èyí tí o kò gbọdọ̀ fowó ara rẹ rà rárá: ẹ̀rọ tó ń fa itọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ́síjìn, nebulizer (ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di èéfín fún mímí). Ti ilé ìwòsàn nìwọ̀nyẹn. Wọ́n nílò ẹni tó ń tún wọn ṣe lóòrèkóòrè, bí wọ́n bá sì kọṣẹ́ lára aláìsàn, orúkọ rẹ ni yóò wà lórí ẹ̀rọ náà.

Oníṣẹ́_Ẹ̀rọ

Màmá ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀rọ ìfúnpá, torí ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ sómi jù.

Kí o tó wo gééjì, ìyẹn ojú tó ń fi nọ́ńbà ìfúnpá hàn, wo cuff. Rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 apá aláìsàn ká, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 40. Mú téèpù, wá àárín méjì egungun èjìká àti ṣónṣó ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ ni kí o ti wọn yíyíká apá. Sẹ̀ǹtímítà 22 sí 26, cuff kékeré ti àgbàlagbà ni. 27 sí 34, ti gbogbo èèyàn. 35 sí 44, cuff ńlá. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti itan ni.

Bí cuff bá kéré fún apá, nọ́ńbà á ga ju òótọ́ lọ. Bó bá tóbi jù, nọ́ńbà á lọ sílẹ̀. Àṣìṣe náà kì í ṣe kékeré. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Baltimore, Amẹ́ríkà, gbé àbájáde kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine: nígbà tí wọ́n fi cuff ti gbogbo èèyàn wọn ẹni tí cuff tó tóbi jùlọ yẹ fún, nọ́ńbà òkè fi 19.5 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá) ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó jẹ́ 125 á di 144 lójú ìwé. Ẹ̀rọ olówó ńlá kan pẹ̀lú cuff kan kò tó ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n pẹ̀lú cuff méjì. Kí o tó rà, bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta cuff ńlá irú ẹ̀rọ náà lọ́tọ̀. Bí wọn ò bá tà á, fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀.

Àyẹ̀wò lórí káńtà nìyí, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mú ìgò omi lítà kan àbọ̀ tó kún dáadáa dání, yíyíká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó apá àgbàlagbà.

Tú gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, wo ọwọ́ gééjì. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí òdo gan-an, nínú àpótí kékeré tí wọ́n yà síbẹ̀. Bó bá dúró lórí 6 tàbí 8, gbé e padà fún wọn.

Wé cuff mọ́ ìgò, fẹ́ ẹ dé 200, dé fáàfù, jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan. Ka nọ́ńbà. Dúró ìṣẹ́jú kan sí i, tún kà á. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 4 mmHg lọ, afẹ́fẹ́ ń jò. Ká rọ́bà tó ti ibi bọ́ọ̀lù tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wá kó ṣẹ́ pọ̀ pinpin: bí ọwọ́ gééjì bá dúró, fáàfù tàbí bọ́ọ̀lù ló ń jò, ìyẹn ṣeé pààrọ̀ lówó kékeré. Bó bá ṣì ń lọ sílẹ̀, rọ́bà inú cuff tàbí ojú ìso gééjì ni. Fi omi ọṣẹ pa ojú ìso, ìfófò á fi ibi tó ń jò hàn ọ́.

Ẹ̀kẹta, tú fáàfù díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe fún ọ láti mú ọwọ́ gééjì sọ̀kalẹ̀ ní 2 mmHg ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìjẹ́ pé ó ń fò. Fáàfù tó máa ń tú lójijì láti 160 dé 130 kò ní jẹ́ kí o gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ níbi tó ti wà.

Nọ́ọ̀sì_Tuntun

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ti gééjì ni kí n rà ni àbí ti bátìrì? Ẹnìkan tún ń ta ti mẹ́kúrì àlòkù fún mi, ó ní kò sí èyí tó péye tó o.

Oníṣẹ́_Ẹ̀rọ

Má ra ti mẹ́kúrì. Òótọ́ ni pé ó péye, ṣùgbọ́n májẹ̀mú Minamata tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó ẹ̀rọ ìfúnpá àti tẹmómítà onímẹ́kúrì wọ̀lú láti 2020. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́jà, àlòkù ni. Mẹ́kúrì rẹ̀ lè ti dín, gíláàsì rẹ̀ lè ti dọ̀tí, bó bá sì fọ́ nínú wọ́ọ̀dù, èéfín tí ojú kò rí ni gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ máa mí sínú.

Ti gééjì: kò gba bátìrì, ó rọrùn láti tún ṣe, owó rẹ̀ kéré. Àléébù rẹ̀ ni pé inú rẹ̀ jẹ́ ẹlẹgẹ́. Idẹ tín-ín-rín tó ń wú, tó sì ń rọlẹ̀, ló ń ti eyín irin kékeré. Bó bá jábọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti orí tábìlì, ó lè fi 10 mmHg yẹ̀ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ fọ́. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn gééjì kan ní ìṣó kékeré níbi òdo tó ń dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gééjì bẹ́ẹ̀ lè ti bàjẹ́ kó sì máa dúró lórí òdo, ìṣó ló ń gbé e dúró. Èyí tí kò ní ìṣó, tí ọwọ́ rẹ̀ lè lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, ni kí o mú, torí òun á fi àìsàn rẹ̀ hàn ọ́.

Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìwòsàn yín. Wọ́n á fi rọ́bà oríta mẹ́ta so ó pọ̀ mọ́ èyí tó péye, wọ́n á fẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wò ó ní 50, 100, 150 àti 200. Bí ó bá yàtọ̀ ju 3 mmHg lọ níbikíbi, kí wọ́n tún un ṣe.

Ti bátìrì: kò nílò etí, ó yára. Ṣùgbọ́n bí ọkàn aláìsàn bá ń lù ségesège, ó lè ṣì í, stethoscope ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Lọ sí ojú-òpó STRIDE BP lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń to ẹ̀rọ ìfúnpá tí wọ́n ti yẹ̀ wò fún pípéye, tẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ nìkan. Iléeṣẹ́ kan náà lè ní irú kan tí wọ́n ti yẹ̀ wò fún pípéye, kó sì ní òmíràn tí wọn kò yẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́, má rà á fún iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Bí ọwọ́ aláìsàn kò bá wà ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn rẹ̀, irọ́ ni yóò pa.

Fún ìwọ, ti gééjì pẹ̀lú stethoscope. Bátìrì lè tẹ̀lé e nígbà tí owó bá wọlé.

Agbẹ̀bí_Agbègbè

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn aboyún kún un, torí àwọn agbẹ̀bí náà ń ka èyí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oní-bátìrì tí wọ́n yẹ̀ wò fún àgbàlagbà ni wọn kò yẹ̀ wò fún aboyún, bí oyún bá sì ti ń mú ìfúnpá lọ sókè, wọ́n lè fi í hàn bí ẹni pé kò ga. STRIDE BP ya ti aboyún sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Irú kan wà tí Microlife ṣe, CRADLE VSA, tí wọ́n dìídì ṣe fún ibi tí iná àti owó kò ti pọ̀. Ó ní iná aláwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa. Láti 140/90 ni yẹ́lò ti máa ń tàn, pupa láti 160/110, ó sì tún ń fi bí ọkàn ṣe ń lù wé ìfúnpá láti kìlọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Okùn tí a fi ń gba fóònù lágbára ló ń lò.

Fún gbígbọ́ ọkàn ọmọ inú oyún, kò sí ohun tó dára tó fetoscope Pinard, èyí tó dà bí fèrè kékeré tí a ń gbé lé ikùn, fún owó rẹ̀. Igi, alumíníọ́mù tàbí ike ni. Èmi á mú ti igi tàbí alumíníọ́mù, torí ike tín-ín-rín máa ń yọ ariwo nígbà tí aṣọ bá kàn án. Fi ìka yí etí méjèèjì ká, kó má ṣe ní eyín tó lè ya ara. Wá ẹ̀yìn ọmọ, gbé ẹnu gbòòrò lé e, fi etí rẹ dé ẹnu kejì, kí o wá mú ọwọ́ kúrò. Ọwọ́ tó ṣì di í mú ló ń da ariwo sí i. Nígbà tí o bá ń kà á, fi ìka kejì mú ìlùkìkì ọrùn ọwọ́ ìyá. 110 sí 160 ni ti ọmọ. Bí méjèèjì bá ń lù pọ̀, ti ìyá lo ń gbọ́. Èyí kàn Doppler kékeré (ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ọkàn ọmọ dún síta) tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, òun ló tilẹ̀ ń tan èèyàn jù, torí ohùn rẹ̀ ń dún dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń gbọ́.

Téèpù fún ìwọ̀n ilé ọmọ: èyí tí kì í fà. Téèpù aṣọ àwọn aránṣọ máa ń gùn sí i bó bá pẹ́. Fi í sórí rúlà irin ní oṣooṣù, bí sẹ̀ǹtímítà 30 rẹ̀ kò bá bá ti rúlà mu, jù ú nù.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù

Ẹ ṣé, agbẹ̀bí wa. Ọ̀rọ̀ stethoscope ló kù, ó sì kúrú.

Fún ìfúnpá, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, stethoscope onírọ́bà kan, tí orí rẹ̀ jẹ́ ojú méjì, tó. Èyí tó ní rọ́bà méjì tó sọ̀kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, rọ́bà méjèèjì máa ń fara gbo ara wọn, ariwo ìfọ̀gbo yẹn ni wàá máa gbọ́. Ojú pẹlẹbẹ ni fún ohùn tó ga. Ojú tó dà bí agogo, fún ohùn tó wúwo, ẹ̀sọ̀ ni kí o fi gbé e lé ara, bí o bá tẹ̀ ẹ́, awọ ara á nà, á sì di ojú pẹlẹbẹ.

Ẹ̀sùn tí àwọn tuntun sábà máa ń mú wá ni pé “kò gbọ́ nǹkan kan.” Orí rẹ̀ ló wà lójú òdìkejì. Yí i títí yóò fi ró kọ̀, fi ìka tẹ ojú pẹlẹbẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí o bá gbọ́ ọ, ibẹ̀ ló ṣí. Rọ́bà etí sì gbọ́dọ̀ kọjú sí imú rẹ, kì í ṣe sẹ́yìn.

Littmann (stethoscope olórúkọ ńlá) ayédèrú pọ̀ ní ìgboro. Páálí kì í ṣe ẹ̀rí, wọ́n ń tẹ páálí náà. Ọ̀pọ̀ nínú ojúlówó ní nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin orí rẹ̀, a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú-òpó iléeṣẹ́ náà. Bí o kò bá lè san owó ojúlówó, ra orúkọ kékeré tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó sàn ju orúkọ ńlá tí kì í ṣe òun lọ.

Má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, má fi í kọ́ ọrùn ní awọ lásán láti àárọ̀ dé alẹ́. Òógùn àti òróró ara ló ń mú rọ́bà gan bí igi. Fi òwú tí a fi sípíríìtì ìdá 70 rẹ nù ún láàárín aláìsàn kan sí èkejì, má rì í sómi.

Àdúgbò_RN

Oximeter. Bátìrì AAA méjì ló ń gbà, yọ wọ́n bí o kò bá ní í lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, omi bátìrì ló ń ba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ra èyí tó ń fi ìlùkìkì hàn bí ìgbì tàbí igi tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń fi nọ́ńbà nìkan hàn. Bí ìgbì kò bá dọ́gba, nọ́ńbà tó bá jáde kò ṣeé gbára lé. Fi ọwọ́ ka ìlùkìkì fún ìṣẹ́jú kan, kí o fi wé ti ẹ̀rọ, bí wọn kò bá bára wọn mu, tún un fi. Kútẹ́ẹ̀sì, làálì dúdú, ìka tó tutù, ọwọ́ tí cuff ti ń fún, gbogbo wọn ló ń dí i lọ́wọ́. Ó yẹ kó dúró sójú kan fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30 kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kàn wá gan-an. Awọ dúdú máa ń mú kí oximeter sọ pé ọ́síjìn pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ìwádìí kan jáde ní December 2020 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine, wọ́n fi oximeter wé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà láti inú òpó ẹ̀jẹ̀ gan-an. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ sọ pé ó wà ní 92 sí 96, àwọn tí ọ́síjìn wọn ti lọ sísàlẹ̀ 88 jẹ́ ìdá 11.7 nínú 100 lára àwọn aláwọ̀ dúdú, 3.6 lára àwọn aláwọ̀ funfun. Èyí kò ní ká má lò ó. Ó ní kí a má fi 93 fọkàn balẹ̀ nígbà tí aláìsàn ń mí 32 nínú ìṣẹ́jú kan, tí ihò imú rẹ̀ ń ṣí. Kọ méjèèjì sílẹ̀, kí o sì pe dókítà. Bí ọ́síjìn ṣe ń yí padà láti wákàtí dé wákàtí lára ẹnìkan náà wúlò ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ.

Nọ́ọ̀sì_Tuntun

Màmá ní kí glucometer kẹ́yìn. Ṣé kì í ṣe pé mo lè ra olówó pọ́ọ́kú kan báyìí?

Nọ́ọ̀sì_Ìlera_Ìlú

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í wọ́n. Strip, ìyẹn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ló ń jẹ owó. Kí o tó dá owó ẹ̀rọ lóhùn, lọ sí ilé oògùn mẹ́ta ní àdúgbò rẹ, béèrè èló ni páálí strip rẹ̀, strip mélòó ló wà nínú rẹ̀, kí o pín in. Iye ẹyọ kan yẹn ni owó glucometer rẹ gan-an. Bí ilé oògùn méjì nínú mẹ́ta kò bá ní in, òkú owó ni.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́. Ọjọ́ tó wà lára ìgò strip, ìgbà tí a kò tíì ṣí i ni. Bí a bá ṣí i, púpọ̀ nínú wọn kì í ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lọ, ka ti tìrẹ, kọ ọjọ́ tí o ṣí i sára ìgò náà pẹ̀lú bírò. Má kó strip sínú ọ̀rá, má jẹ́ kí ìdérí ṣí sílẹ̀ nígbà òjò, ọ̀rinrin ló ń bà á jẹ́. Bí glucometer rẹ bá ń lo nọ́ńbà kóòdù, nọ́ńbà ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìgò mu.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tàbí máńgòrò, kí o fi òwú sípíríìtì nu ìka rẹ̀ kí o sì gún un lójú ẹsẹ̀. Ṣúgà tó wà lára ìka yóò mú nọ́ńbà ga, sípíríìtì tí kò gbẹ yóò sì da ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Omi àti ọṣẹ, kó gbẹ pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí o gún, kì í ṣe àárín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, glucometer máa ń sọ pé ṣúgà rẹ̀ ga ju bó ṣe wà lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí PCV rẹ̀ (ìdá ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa) jẹ́ 18 lè wà nínú ewu ṣúgà tó relẹ̀, kí ẹ̀rọ máa sọ pé ara rẹ̀ le. Wo ìwé tó bá strip wá, ó máa ń sọ PCV tó lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Fún aláìsàn tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀, fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí tí ẹ̀jẹ̀ sì dà púpọ̀, wo ìyẹn kí o tó gbà á gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń sọ mmol, fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di mg/dL.

Abẹ́rẹ́ ìgúnka: ẹnìkan, ẹyọ kan, tí yóò pa ara rẹ̀ dé lẹ́yìn lílò. Bírò tó ń gún ìka, tí a ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, ti ẹnìkan ṣoṣo nílé ni, kò gbọdọ̀ lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ tó kù sí ẹnu rẹ̀ ti kó àrùn ẹ̀dọ̀ B ran ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn ilé ìtọ́jú lókè òkun.

Ọ̀rọ̀_Òtítọ́

Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dára o, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Owó oṣù nọ́ọ̀sì ni ẹ ń sọ pé kó fi ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn ìjọba. Bí a bá ń ra wọ́n, ìjọba kò ní rà wọ́n láéláé.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù

O kò ṣì wí, àbúrò mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó má ra èyí tó jẹ́ ti wọ́ọ̀dù. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ láti fi etí àti ojú rẹ̀ mọ aláìsàn nìkan ni kó rà. Kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ṣíìfù, ní gbogbo ṣíìfù, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago: “ẹ̀rọ ìfúnpá 1 fún aláìsàn 28, a kò lè wọn ìfúnpá aláìsàn 9 ní aago 6 àárọ̀.” Kó fi ẹ̀dà lé màtírọ̀nì lọ́wọ́, kó tọ́jú tirẹ̀. Ìwé tó ní nọ́ńbà nínú ni àwọn tó ń ṣe ètò ìnáwó máa ń wò. Èyí tó bá fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ̀n, kó kọ “ẹ̀rọ ti nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni a lò” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹ̀rọ pọ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Nọ́ọ̀sì_Ìlú_Ọba

Kí àwọn tó ń múra láti wá sí Ìlú Ọba mọ èyí: níbí, nọ́ọ̀sì NHS (iléeṣẹ́ ìlera ìjọba) kì í mú ẹ̀rọ ìfúnpá tirẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn àti ọjọ́ àyẹ̀wò lára, èyí tí kò ní in, wọn kò ní jẹ́ kí o lò ó. Stethoscope, aago àyà, tọ́ọ̀ṣì àti sáàsì (àlùmọ́gàjí) nìkan ni kí o kó wá. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́. Bí o bá sì ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ fúnra rẹ, HMRC, àjọ tó ń gba owó orí níbí, máa ń yọ £125 kúrò nínú owó tí wọ́n ń bu orí fún lọ́dún fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, o kàn ní láti béèrè fún un ni.

Ará_Ọjà

Lórí rírà: ní Èkó, Ìdúmọ̀tà ni àwọn tó ń ta ohun èlò pọ̀ sí, ní Ìbàdàn, Agbeni. Ilé oògùn ńlá lè wọ́n díẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ọjà padà. Wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí o sì wò ó bóyá orúkọ ara ẹ̀rọ, ara páálí àti ara ìwé ìlànà bára wọn mu. Ìwé ìlànà tí òye rẹ̀ dàrú, tí nọ́ńbà ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í ṣe ti páálí, fi sílẹ̀.

Gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sí, kì í ṣe “BP 1” lásán, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí wọ́n lè gbà á padà.

Nípa sáàsì báńdéèjì: àwọn èèyàn máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dán irin wò, wọ́n á ní bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí a fi ń ṣe sáàsì tó mú máa ń lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Bí ó ṣe mú tó ni kí o wò: gé gọ́ọ̀sì ìpele mẹ́rin pẹ̀lú ṣónṣó ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, má rà á. Bó bá kan ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí o fi rì í sínú omi Jik ìdá 0.5, má ju bẹ́ẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dípẹtà. Bí ara ìgò Jik bá kọ 3.5, ìwọ̀n Jik kan sí omi mẹ́fà ló ń fúnni ní 0.5. Fọ̀ ọ́ mọ́ kí o tó kó o lọ fún sísè.

Bí nọ́ọ̀sì mẹ́fà bá dá àjọ, ẹ lè ra gééjì mẹ́fà tó jọra pátápátá àti cuff ńlá mẹ́ta láti pín lò. Cuff, rọ́bà àti bọ́ọ̀lù wọn á ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn nígbà tí ti ẹnìkan bá bàjẹ́. Ẹ yan irú kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà.

Nọ́ọ̀sì_Tuntun

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti pinnu: aago, stethoscope ojú méjì, gééjì tí kò ní ìṣó pẹ̀lú cuff ti gbogbo èèyàn àti cuff ńlá, tẹmómítà oní-bátìrì. Oximeter di oṣù tó ń bọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Tẹmómítà mẹ́kúrì ti wọ́ọ̀dù yẹn, bó bá fọ́, kí ni kí n ṣe? Báwo ni mo ṣe máa fi orúkọ mi sára nǹkan mi kó má bàa sọnù?

Oníṣẹ́_Ẹ̀rọ

Bó bá fọ́, kó àwọn aláìsàn tó wà nítòsí kúrò, ṣí fèrèsé, bọ́ òrùka wúrà, torí mẹ́kúrì ń lẹ̀ mọ́ wúrà. Má fi ìgbálẹ̀ gbá a, yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni. Wọ ìbọ̀wọ́, fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gbá a jọ síbì kan, fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á, tú u sínú ìgò oníke tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, dé e pinpin, kọ “mẹ́kúrì” sí i lára. Má dà á sínú síńkì, má sọ ọ́ sínú pàǹtírí tí wọ́n ń jó. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àìléwu ilé ìwòsàn ni kó gbà á.

Orúkọ: má fi máákà kọ ọ́ sára rọ́bà stethoscope, tàdáwà náà máa ń wọ inú rọ́bà, kò sì ní kúrò mọ́, bí o bá sì fẹ́ tà á lọ́la, ẹni tó fẹ́ rà á kò ní gbà á. Gba àmì ike kékeré tó ń ká mọ́ rọ́bà. Fún gééjì, jẹ́ kí ẹni tó ń fín kọ́kọ́rọ́ fín orúkọ rẹ sẹ́yìn páànù rẹ̀ nígbà tí o bá ti tú páànù náà kúrò, kí ìgbọ̀n ẹ̀rọ ìfínrín má bàa kan inú rẹ̀. Fún cuff, abẹ́rẹ́ àti òwú, ní etí aṣọ tí rọ́bà kò dé. Yọ rọ́bà inú rẹ̀ kí o tó rán an.